Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ọ̀nà Òfurufú Láàárín Grise Fiord àti Resolute

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìlú Grise Fiord, Nunavut, Kánádà.

Ẹ̀yin àgbà wa,

A kí yín o. Àwa tí a ń gbẹ́ òkúta lére àti àwa tí a ń rán awọ síìlì, ẹran inú òkun, ní ìlú yìí la kọ ìwé yìí. A ò wá jà, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀.

Bí èèyàn bá wọ̀n ọ́n lórí máàpù, láti ibí dé Resolute, ìlú mìíràn ní Nunavut yìí, jẹ́ nǹkan bí 380 kìlómítà. Bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó ń ná ọ̀nà wa kì í lò tó wákàtí méjì lófurufú. Orí ìwé nìyẹn o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ la fi ń ka ìrìnàjò yìí. Pápá wa kúrú, òkè dúró tì í gbàgbà, bàálù ńlá kò lè balẹ̀ níbẹ̀. Bí kùrukùrù bá bolẹ̀, bàálù á ṣẹ́rí padà. Ọ̀nà mọ́tò kò sí, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù sì ń wá lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún, nígbà tí yìnyín òkun bá yọ́. Láti oṣù Kọkànlá wọ oṣù Kejì, tí oòrùn kì í yọ, bàálù nìkan la gbójú lé.

Bí ẹrù bá sì pọ̀ jù, ère wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀. A ò bínú pé oògùn àti oúnjẹ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa di ère mẹ́ta fún ìpàtẹ kan. Ìgbà tí wọ́n fi débẹ̀, wọ́n ti ká ìpàtẹ náà nílẹ̀.

Ẹ wo ère méjì tí wọ́n ṣí ní ọdún 2010. Ní ọdún 1953, ìjọba kó àwọn òbí wa kúrò ní ìlú wọn, Inukjuak àti Pond Inlet, wọn kò sì sọ fún wọn ṣáájú pé àwọn yóò pín wọn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn kan sí apá ibí, àwọn kan sí Resolute. Obìnrin àti ọmọ rẹ̀ tí Looty Pijamini gbẹ́ síbí ń wo apá Resolute. Ọkùnrin tí Simeon Amagoalik gbẹ́ sí Resolute ń wo ọ̀dọ̀ wa. Òkúta ni wọ́n, ojú lásán ni wọ́n lè fi rin ìrìn náà. Àwa ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́hùn-ún tí a fẹ́ fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bá ìjọba Nunavut àti àwọn oníbàálù sọ̀rọ̀, kí wọ́n ya ìwọ̀n ẹrù díẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán. Ẹ fún wa ní yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́ ní pápá, tí a óò máa kó ẹrù tí bàálù bá fi sílẹ̀ sí. Bí bàálù bá sì ṣẹ́rí padà, kí wọ́n tètè kéde rẹ̀ lórí rédíò, kí àwọn arúgbó má baà dúró nínú òtútù.

Ọjọ́ tí ẹ bá pè wá, a óò wá. Ilé wa sí gbọ̀ngàn yín, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, fún gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ Grise Fiord