Tún Un Kọ, Àdùkẹ́

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́, pé kọ̀ǹpútà rẹ bàjẹ́, ìtàn tí o ti ń kọ láti ọdún méjì sì bá a lọ. O ní o ò kọ̀wé mọ́, pé iṣẹ́ alẹ́ àti ariwo ọmọ ti tó ẹrù fún ọ. Ó dùn mí wọra, mi ò sì ní sọ pé kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n rántí Buchi Emecheta, òǹkọ̀wé nì. Ọmọ Ìgbò ni, Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1944. Lọ́dún 1962 ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London tí o wà yẹn. Nígbà tó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ parí, ọkọ náà dáná sun ìwé náà. Rò ó wò! Tìrẹ, ẹ̀rọ ló ṣe é. Tirẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ni. Ó fi ilé ọkọ sílẹ̀, ọmọ márùn-ún sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ibi ìkówèésí British Museum, ó ka sosiọ́lọ́jì ní yunifásítì, ó sì ń jí kọ̀wé kí àwọn ọmọ tó jí. Lọ́dún 1972, ìwé rẹ̀ In the Ditch jáde: ìyà ilé ìjọba tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ gbé nínú rẹ̀ gan-an ló fi kọ ọ́. Èyí tí iná jó ńkọ́? Ó tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Òun ni The Bride Price, tó jáde lọ́dún 1976.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni èyí: nígbà tó fi ìwé rẹ̀ mìíràn, Second-Class Citizen, jìn fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní bí kì í bá ṣe ti ariwo dídùn wọn, òun ì bá má lè kọ ìwé náà. Ariwo, Àdùkẹ́! Ohun tí ìwọ ń sá fún.

Ṣé o rántí ìgbà tí eku jẹ ìwé àròkọ rẹ ní praimárì kẹrin? O sunkún títí, lẹ́yìn náà o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ìránṣọ mi, o tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ náà, àkísà aṣọ lórí itan rẹ. Èmi tí mo ka méjèèjì mọ̀ pé èkejì ló dùn jù.

Kọ ìtàn àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú lóru sí i pẹ̀lú. Bí o bá ti parí ojú ìwé kan, fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi, màá tọ́jú rẹ̀. Mò ń retí èyí àkọ́kọ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ