Ife àlejò: lẹ́tà sí Àlàbí, àbúrò mi

Àlàbí, ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, mo mọ̀ pé ohun tí wàá sọ ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà," ilẹ̀ á sì ṣú láìgbọ́ ìpè. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ síbi tí àwọn ẹlòmíì lè kà á sí, nítorí ìwọ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọkọ̀ tó ń gbé ọ bọ̀ láti Èkó lálẹ́ Fúráìdé, ọkùnrin bíi tìrẹ ló kún inú rẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni. Mo wà nílé rẹ nígbà tí o jí. Aago 11 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. O jáde sí pálọ̀, o jókòó, o ní kí wọ́n fún ọ lómi. Ọmọ rẹ obìnrin, ẹni ọdún 7, dìde. Kò yà sí kíṣìnnì. Ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ló lọ, ó ṣí i, ó mú ife onígíláàsì tí wọ́n fi wúrà yí lẹ́nu, ó fọ̀ ọ́, ó bu omi sí i, ó gbé e sórí àwo pẹlẹbẹ, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ. Àbúrò rẹ̀ ń yọjú wò ọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì. O mu omi tán, o ní, "Ó ṣeun," o sì padà sídìí fóònù rẹ.

O ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi rí i, oúnjẹ tó wà níwájú mi ò sì lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́. Mo tẹ̀ lé ọmọ náà dé kíṣìnnì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò mú ife oníke búlúù, èyí tí etí rẹ̀ ti kán, tí gbogbo wọn fi ń mumi. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò mọ ìlànà ilé. Ó ní, "Màmá, ìyẹn tiwa ni."

Àlàbí, ọmọ yẹn ò ṣe ohun tí kò dáa. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyàwó wa kọ́ ọ ló lò: bí àlejò bá dé, ife rere la fi ń bu omi fún un.

Mi ò kọ̀wé yìí láti fi ọ̀rọ̀ nà ọ́. Mo mọ̀ pé owó tí o ń fi ránṣẹ́ kò yẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé owó ilé ìwé àwọn ọmọ, owó ilé, títí dé oògùn Ìyá wa, orí rẹ ló ń sinmi lé. Mo mọ ọ̀nà náà pẹ̀lú. Èkó sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kí ó tó wá kan Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 50 lọ, tó sì lè jẹ wákàtí lọ́wọ́ èèyàn bí ọkọ̀ àjàgbé bá dábùú ọ̀nà. Kí o tó wọlé, àwọn ọmọ ti sùn. Ara tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ 2 ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sùn, mi ò bá ọ jà sí ìyẹn.

Ohun tó dùn mí ni bí o ṣe ń ṣe ìyókù. Tó bá di aago 4 ìrọ̀lẹ́ Sátidé, o máa kó gbogbo wọn lọ síbi ìgbafẹ́. O ra ṣúyà, o ra áásìkiriìmù, ẹ ya fọ́tò, o gbé e sórí WhatsApp. Mo bá yín lọ lóṣù tó kọjá. Orin tí wọ́n ń lù níbẹ̀ pọ̀ débi pé àyà èèyàn ń mì. Ìyàwó rẹ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, orin bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí o tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, kò le tó bẹ́ẹ̀." Nígbà tó di Sọ́ńdè, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lo gbé báàgì.

O ò tíì dáyé nígbà tí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi náà ò tíì dáyé, ẹnu Ìyá wa ni mo ti gbọ́ ọ. O mọ̀ pé Tamale ni Bàbá wa ti ṣòwò, ní Gánà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà náà. Ìyá wà nílé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Bàbá a máa fi owó ránṣẹ́, wọn a máa fi aṣọ ránṣẹ́, wọ́n tilẹ̀ fi bàtà aláwọ ránṣẹ́ nígbà kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ ti tóbi jù ú lọ kí ó tó dé. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Bàbá kó ìwọ̀nba tí wọ́n lè kó, wọ́n sì wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún 6 ni ẹ̀gbọ́n wa. Òun ló ṣílẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà. Bàbá wa ò sí nílé, Gánà ni wọ́n wà."

Ìyá ní Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, ẹrù ṣì wà lórí wọn.

Wọn ò bínú sí ọmọ. Wọn ò sì ra nǹkan kan fún un láti fi wá ojúrere rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ọkọ́ àti àdá, wọ́n mú un lọ́wọ́, ó di oko. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bàbá ń kọ ebè, ọmọ ń gbé omi mímu tẹ̀ lé wọn láti poro kan sí èkejì. Bó bá dọ̀sán, wọ́n á jọ sunṣu jẹ. Ìyá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọn kì í tilẹ̀ bá ara wọn sọ ju gbólóhùn bíi mélòó kan lọ. Ó tó oṣù 4 kí ẹ̀gbọ́n wa tó pè wọ́n ní Bàbá láìjẹ́ pé ẹnì kan tì í nídìí. Oṣù 4, Àlàbí, lójoojúmọ́.

Má rò pé nítorí pé mi ò kúrò nílùú ni mo fi ń sọ̀rọ̀ bí olóye. Inú ilé kan náà ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé, síbẹ̀ a di àlejò fún ara wa. Aago 8 àárọ̀ ni mò ń ṣí ìsọ̀ aṣọ mi ní Tákíè, aago 8 alẹ́ ni mò ń tì í. Àwọn náà á ti ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á jáde. Bí a bá ríra, ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàárín wa kò ju, "Gáàsì ti tán," "Owó iná ńkọ́?" "Ọmọ yẹn ti san owó ìdánwò?" A ń jíṣẹ́ fún ara wa ni. Lọ́dún 2019, owó tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ fún oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ìjọba ni. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó dìjà. Ni mo bá jókòó sí ìsọ̀, mo dá ẹjọ́ náà fúnra mi, mo sì dá wọn lẹ́bi pé obìnrin kan wà níta. Mo gbé e sínú ju ọdún kan lọ. Ìwọ gan-an o ò gbọ́.

Ó wá di 2020, Kòrónà dé. Wọ́n ti ilé ìwé. Wọ́n ní kí ìsọ̀ tí kì í bá ṣe ti oúnjẹ wà ní títì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ní kí ẹnikẹ́ni má rìn láti aago 7 alẹ́ títí di aago 6 àárọ̀. Àwa 5 wá há sínú ilé. Ìyá ẹlẹ́gùúsí tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi ló ṣàánú mi, ó gbé ààbọ̀ àpò ẹ̀gúsí eléèpo fún mi pé kí n bá òun bó o, òun á máa sanwó lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan. Ebi ló gbé wa dé ìdí ẹ̀gúsí, kì í ṣe ọgbọ́n.

A tẹ́ ẹní sí pálọ̀, a da ẹ̀gúsí sórí atẹ, a gbé tọ́ọ̀ṣì sáàárín nítorí kò síná. Alẹ́ àkọ́kọ́, ìráhùn lásán ni: ìka ń ta àwọn ọmọ, èèpo ń ta sójú wọn. Alẹ́ kejì, bàbá wọn ṣàdédé ní, "Àlọ́ o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n tún un pè. Àbíkẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ ní, "Àlọ̀!" "Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Àkọ́bí mi, tó ti di ọmọ ọdún 16, tó ka ara rẹ̀ sí àgbà, òun ló pariwo pé, "Ẹ̀wà!" Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ilé wa ò dákẹ́ mọ́.

Alẹ́ karùn-ún ni. Àwọn ọmọ ti sùn, ó ku àwa méjèèjì àti ìsàlẹ̀ atẹ. Ó ti tó aago 11 kọjá. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, owó yẹn, ìjọba kọ́." Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ṣe onídùúró fún olùkọ́ bíi tiwọn tó yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni náà sá lọ, wọ́n sì ń yọ owó náà nínú owó oṣù wọn láti oṣù 14. Ojú ló ń tì wọ́n. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ rí pé kí n má ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni.

Èmi náà ò gbójú sókè. Mo bó ẹ̀gúsí bíi 3 sí i kí n tó lè lanu. Mo ní, "Ó ku oṣù mélòó?" Wọ́n ní, "5." Mo ní, "Á tán." Kí a tó sùn, èmi náà jẹ́wọ́ ohun tí mo ti fi ọdún kan rò nípa wọn, mo sì tọrọ àforíjì.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo rò ó bọ̀. Tí èèyàn méjì bá kọjú síra pé ó yá, ká sọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń dà bí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá níṣẹ́, tí ojú wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó há sọ́fun á rọra yọ. Kì í yára yọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé bí àkókò tí èèyàn ní fún ilé rẹ̀ ò bá tiẹ̀ pọ̀, kó ṣáà ti dùn. Mi ò gbà. Alẹ́ 4 tí a kọ́kọ́ fi bó ẹ̀gúsí ló bí èyí tó tún ilé wa ṣe, kò sì sẹ́ni tó lè fò wọ́n kọjá.

Láti ìgbà náà, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ti ìsọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo pàdánù oníbàárà 2 tí kì í ráyè wá àfi lálẹ́, ọ̀kan nínú wọn ò sì padà títí dòní. Mo mọ iye tó ná mi, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó wa ò rojọ́ rẹ fún mi o. Ká ní ó rojọ́ ni, ọkàn mi ìbá balẹ̀. Ó rán mi pé kí n bá òun mú Bíbélì lórí tábìlì, ìwé pélébé kan sì já bọ́ nínú rẹ̀: ohun tó fẹ́ bá ọ sọ tí o bá dé ló tò síbẹ̀. Mo ka 9. Eyín ọmọ tó ń ro ó wà níbẹ̀, ilẹ̀ tó fẹ́ kí ẹ lọ wò wà níbẹ̀, "àyà tó ń já mi lóru" náà wà níbẹ̀. Méjì péré ló ti fagi lé.

Nítorí náà, má fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò ní kí o fi sílẹ̀. Bí o bá dé ní Fúráìdé tó ń bọ̀, má kó wọn lọ síbi kankan. Tó bá di Sátidé, bá ìyàwó rẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Sábó, kí o gbé báàgì, kí o dúró tì í níbi tó ti ń ná ata. Má pe ọ̀kadà nígbà àbọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ máa wà títí ẹ ó fi dé, bó bá wù yín kẹ́ ẹ pẹ́.

Tó bá di alẹ́, mo ti gbé ẹ̀gúsí kóńgò 6 sílé rẹ, pẹ̀lú èèpo. Mo ti kìlọ̀ fún ìyàwó wa pé kó má gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Ọmọ rẹ ti kọ́ àlọ́ kan lọ́wọ́ mi tó fẹ́ pa fún ọ: "Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́." Ó ti ń ka ọjọ́. Bí o bá ti gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀, jẹ́ kó fi ọ́ ṣẹlẹ́yà, má wá a lórí fóònù. Bí òùngbẹ bá sì ń gbẹ ọ́ nídìí atẹ, má rán ẹnikẹ́ni. Dìde fúnra rẹ, lọ sí kíṣìnnì. Ife búlúù náà wà lórí ìkòkò omi.

Èmi ni,
Àjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ