Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Bátìrì 9Ah Tó Jẹ́ 4Ah, àti Àtẹ Ìfiwéra Tó Fi Tà Á fún Wa

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ IRINṢẸ́ ONÍBÁTÌRÌ TÍ A RÀ LÓRÍ ÌKÀNNÌ YÍN

Dírìlì 18V méjì, impact driver (ẹ̀rọ tó ń gbá sìkúrù wọlé) mẹ́ta tí kò bá bátìrì wá, bátìrì 9Ah mẹ́rin (Ah, áńpíà-wákàtí, ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́) àti ṣájà méjì ni a rà lọ́wọ́ yín. Ìwé ìsanwó, àwòrán ọjà kọ̀ọ̀kan àti àkọsílẹ̀ ìdánwò tí a ṣe fún àwọn bátìrì náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Inú àtẹ tí ẹ fi ń fi irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan wé ti èkejì la ti yan gbogbo wọn, èyí tí ẹ kọ “Rà á níbí” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀sùn wa kò mọ sórí ọjà tó bàjẹ́. Àtẹ yẹn gan-an ni kò tọ̀nà, ẹnikẹ́ni tó bá sì fi rajà lónìí yóò kó sínú ohun tí àwa kó sí.

Bátìrì la ó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gba owó jù, òun náà ló sì lè dá iná sílẹ̀. Ohun tí ẹ kọ sínú àtẹ ni “18V, 9Ah, ojúlówó”. Iwájú bátìrì náà ní 9Ah gàdàgbà. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà tín-ín-tìn-ín kọ nǹkan, 72Wh ló wà níbẹ̀; Wh ni ìwọ̀n àpapọ̀ agbára tó wà nínú bátìrì. Iye fóltì tí a bá fi sọ iye Ah di púpọ̀ ló ń di Wh. Fi 18 sọ 9 di púpọ̀, 162 ni. Pín 72 sí ọ̀nà 18, 4 ni. Ẹni tó ṣe bátìrì yìí mọ̀ pé 4Ah lòun ṣe: ó kọ irọ́ síwájú, ó kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò gba ẹni tó ń tà á ní ìṣẹ́jú kan láti rí i.

Síbẹ̀ a dán wọn wò, kí ẹ má baà sọ pé àkọlé lásán la rí. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é nìyí, kí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ yín lè tún un ṣe. A gba iná sí bátìrì kọ̀ọ̀kan títí ṣájà mìíràn tó bá iná wa mu fi dá dúró fúnra rẹ̀, a sì jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà a so ó mọ́ ẹ̀rọ ìdánwò tó ń fa 5A láìyẹ̀, a sì ní kó dúró tí fóltì bá ti sọ̀ dé 15V, ìyẹn 3V fún sẹ́ẹ̀lì (bátìrì kékeré inú rẹ̀) kọ̀ọ̀kan. Bátìrì 9Ah gbọ́dọ̀ lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 48 kó tó débẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo ìṣẹ́jú 47, ìyẹn 3.9Ah. Èyí tí kò pẹ́ rárá lo ìṣẹ́jú 43. Bátìrì 5Ah ojúlówó kan tó ti gbó díẹ̀, tí a gbé sórí ẹ̀rọ kan náà, lo ìṣẹ́jú 56. Àgbà tó ń jẹ́ 5Ah na ọmọ tuntun tó ń jẹ́ 9Ah.

A tú ọ̀kan nínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì 18650 mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 65. Wọ́n so wọ́n ní méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdìpọ̀ márùn-ún sì tẹ̀lé ara wọn. Kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè fúnni ní 9Ah, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba 4.5Ah. Èyí tó gbà jù nínú 18650 tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3.5Ah, kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ líle. Èyí tó wà nínú bátìrì irinṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ láti 2Ah sí 3Ah. Ìdí nìyẹn tí 9Ah tòótọ́ fi máa ń ní sẹ́ẹ̀lì 3Ah mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí kó lo sẹ́ẹ̀lì 21700 tó sanra jù, tó sì gùn jù. Sẹ́ẹ̀lì 18650 kan máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 45 sí 48, nítorí náà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò súnmọ́ 700 láìtíì ka ike àti irin mọ́ ọn. Bátìrì tí ẹ kó ránṣẹ́ wọn gíráàmù 585 lódindi, tòun ti ike rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun ní ilé ìdáná ti tó láti mú irọ́ yìí.

Bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ iná inú rẹ̀ ló bà wá lẹ́rù jù. Nínú ọ̀pọ̀ bátìrì gidi, wáyà máa ń lọ láti bọ́ọ̀dù sí àárín ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lè máa ka fóltì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí, orí àti ìdí nìkan ni wáyà wà. Àpapọ̀ ló ń kà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni bọ́ọ̀dù náà ti ń mu iná tó fi ń wà láàyè. Bátìrì tí a gbé kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìlò ní 3.9V nínú ìdìpọ̀ mẹ́rin, àkọ́kọ́ sì ti sọ̀ dé 3.2V. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ṣájà. Ṣájà ń wá 21V lápapọ̀. Tí ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ bá ṣì wà ní 3.6V nígbà tí àpapọ̀ pé 21V, mẹ́rin yòókù ti gun 4.35V, bẹ́ẹ̀ 4.2V ni ààlà wọn. Bí bátìrì ṣe ń gbóná kọjá àlà nìyẹn, tó sì lè gbiná lórí ṣájà lóru. Mẹ́ta tó kù wà nínú agolo irin níta ilé, a ti fi téèpù bo irin ẹnu wọn. Ẹ má ṣe ní kí a fi wọ́n ránṣẹ́ padà bí ẹrù lásán; bátìrì lithium tó ní àbùkù ní òfin ìrìnnà tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá gbé e.

Ó kan àtẹ náà fúnra rẹ̀.

Ẹ fún DeWalt ní ìràwọ̀ márùn-ún lábẹ́ “agbára”, ẹ sì fún Makita LXT àti Milwaukee M18 (ìdílé bátìrì 18V ni méjèèjì) ní mẹ́rin, torí pé 20V ju 18V lọ. Sẹ́ẹ̀lì lithium irú èyí ń gbé 3.6V tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ lórí ṣájà, ó máa ń tó 4V tàbí kó lé díẹ̀. Márùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ 18V lójú iṣẹ́, ó sì jẹ́ 20V lójú àkọlé. DeWalt fúnra wọn ń pè é ní 20V MAX ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń pè é ní 18V XR ní Yúróòpù. Orúkọ méjì ni ọmọ kan náà ń jẹ́. Makita XGT tó ń jẹ́ 40V max jẹ́ 36V, sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá tó tẹ̀lé ara wọn. FlexVolt 60V max ti DeWalt jẹ́ 54V, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wéra, ẹ ka sẹ́ẹ̀lì, tàbí kí ẹ kọ Wh. Àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí dára lójú tiwa, a sì ń lo púpọ̀ nínú wọn. Ìràwọ̀ yín ni kò ní ìtumọ̀.

Ibi tí ẹ kọ agbára ìyí sí tún burú ju ìyẹn lọ. Nọ́ńbà 500 wà níwájú dírìlì kan, 60 wà níwájú èkejì, òǹrajà yóò sì rò pé àkọ́kọ́ fi ìlọ́po mẹ́jọ lágbára jù. A lọ wo ìwé tó bá ọjà méjèèjì wá. Ìwọ̀n in-lb (ínṣì-pọ́n-ùn) ni 500 yẹn, ìwọ̀n Nm (Newton-mítà) ni 60. In-lb kan jẹ́ 0.113 Nm, torí náà 500 in-lb jẹ́ nǹkan bíi 56 Nm. Èyí tí ẹ sọ pé ó rẹlẹ̀ ló lágbára jù. Ẹni tó ń fi ṣíbí wọn tirẹ̀ àti ẹni tó ń fi igbá wọn tirẹ̀, ẹ ò lè to iye wọn sójú kan náà kí ẹ ní ẹ ti fi wọ́n wéra. Ẹ tún kó impact driver pọ̀ mọ́ dírìlì nínú ìlà yìí kan náà. Gbígbá ni impact driver ń gbá sìkúrù wọlé, ìgbá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Dírìlì ń yí láìdáwọ́ dúró. Nọ́ńbà 170 ti impact driver kò túmọ̀ sí pé yóò lu ihò fífẹ̀ ju dírìlì tó ní 60 lọ. Ẹnu impact driver kò tilẹ̀ ṣí gba bíìtì tí ìdí rẹ̀ rí róbótó, èyí tí ìdí rẹ̀ ní igun mẹ́fà 6.35 mìlímítà nìkan ló ń gbà.

Lórí bátìrì tó bá irinṣẹ́ mu, ohun tí ẹ kọ ni pé “ilé-iṣẹ́ kan náà, bátìrì kan náà”. Irọ́ ni. Bosch aláwọ̀ búlúù ti àwọn oníṣẹ́ àti Bosch aláwọ̀ ewé ti inú ilé jẹ́ 18V méjèèjì, bátìrì ọ̀kan kò sì wọ èkejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí impact driver mẹ́ta tí a rà gẹ́lẹ́ nìyẹn: àtẹ yín ló sọ pé wọn yóò gba bátìrì tí dírìlì ń lò, wọn kò gbà á. Milwaukee M12 kò gba ti M18. LXT kò lè wà nínú irinṣẹ́ XGT. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ TTI ni Milwaukee àti Ryobi wà, síbẹ̀ ẹnu bátìrì wọn ò jọra. Ibi tí ẹ ò bá ti ní irọ́ kankan láti pa, ẹ tún gbé òótọ́ sọnù: Ryobi ONE+ ti ń lo ẹnu bátìrì kan náà láti ọdún 1996, bátìrì lithium òde òní sì ṣì ń wọ irinṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀. Fún ẹni tó ń kan sẹ́ẹ́fù mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀rọ̀ yẹn wúlò ju ìràwọ̀ márùn-ún lọ. Kò sí níbì kankan nínú àtẹ yín.

Ṣájà méjèèjì ní 120V, 60Hz lára; àdírẹ́sì tí a fún yín wà níbi tí iná ti jẹ́ 230V, 50Hz. A ka àkọlé kí a tó so wọ́n mọ́ iná, ìyẹn ló yọ wọ́n. Ọ̀kan nínú dírìlì tí ẹ pè ní brushless (tí mọ́tò rẹ̀ kò ní búrọ́ọ̀ṣì kábọ́ọ̀nù) náà kì í ṣe brushless: a ń rí iná kábọ́ọ̀nù tó ń ta pàrà nínú ihò atẹ́gùn rẹ̀ bó bá ti ń yí.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ wáráńtì lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe dírìlì, wọ́n ní ẹni tó tà á fún wa kò sí lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ láti tà á. A padà wá wo ojú ìwé yín. Lábẹ́ orúkọ yín gàdàgbà ni gbólóhùn kan wà tí ó sọ pé ẹlòmíràn ló ń tà á, tí ẹ̀yin kàn ń kó o ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi fóònù wò ó gbọ́dọ̀ tẹ ibi mẹ́ta kó tó rí gbólóhùn yẹn. Ibi tí a ti ra bátìrì ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára rẹ̀ lọ, torí ayédèrú kì í gba ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé-iṣẹ́ fún láṣẹ wọlé ní ìrọ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ẹ fi ìyẹn pa mọ́ síbi tí ojú kò tó.

Nítorí náà a ń béèrè pé:

Kí ẹ dá gbogbo owó bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, impact driver mẹ́ta, ṣájà méjì àti dírìlì oníkábọ́ọ̀nù padà, pẹ̀lú owó ìkóránṣẹ́. Dírìlì kejì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a ó sì fi sílẹ̀, bí ẹ bá lè fún wa ní ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yóò gbà fún wáráńtì.

Kí ẹ yọ bátìrì “9Ah” yẹn kúrò lórí ìkànnì lónìí, kí ẹ sì kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ti rà á pé kí wọ́n má gbé e sórí ṣájà mọ́. Èyí kò lè dúró de ìwádìí kankan.

Kí ẹ tún àtẹ náà ṣe: Nm nìkan fún agbára ìyí, impact driver ní ìlà tirẹ̀, Wh fún bátìrì, ìdílé bátìrì dípò orúkọ ilé-iṣẹ́, iye fóltì iná tí ṣájà ń gbà, àti orúkọ ẹni tó ń tà á gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó rẹ̀.

A fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 láti dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà yìí àti àkọsílẹ̀ ìdánwò yóò lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n lo orúkọ rẹ̀ lára bátìrì náà. Èyí tí a tú palẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa, bọ́ọ̀dù àti sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀rá. Ẹni tí ẹ bá rán wá lè wò ó, ṣùgbọ́n kò ní gbé e lọ kí owó wa tó padà.

Tiyín ní tòótọ́,

Ẹ̀ka tó ń ra irinṣẹ́,
Ilé iṣẹ́ káfíńtà tó rajà lọ́wọ́ yín.