Ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ dá líígì sílẹ̀ ní Texas, ẹ gbọ́ ti àwọn eléré yìnyín

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo ka ìwé ètò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ kó àwọn àbúrò yín jọ sórí pápá bọ́ọ̀lù. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé ìlú mẹ́jọ lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ti kọ mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ní 1996, àwọn kan dá líígì họ́kì orí yìnyín sílẹ̀, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá lórí yìnyín. Orúkọ rẹ̀ ni Western Professional Hockey League. Ìlú mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Amarillo, Austin, Belton, El Paso, Waco, àti Albuquerque ní New Mexico. Yìnyín lábẹ́ oòrùn Texas! Ní Austin, gbọ̀ngàn ńlá Travis County tí wọ́n ti máa ń gun ẹṣin àti akọ màlúù ni wọ́n ti ń gbá a. Mo mú ọmọ mi àgbà lọ wòran nígbà kan. Òtútù mú wa débi pé ìyá rẹ̀ bá mi wí nígbà tí a délé, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò yé sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ó ti ń dùn ni wọ́n ń fẹ̀ ẹ́. Lọ́dún kejì, ìlú méjìlá. Lọ́dún kẹta, mẹ́tàdínlógún, ó ti dé Louisiana, Arkansas àti Mississippi. Nínú irú líígì bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mú ìlú rẹ̀ wọlé a máa san owó àkọ́wọlé. Owó yẹn ni kí ẹ fojú ṣọ́, nítorí mo rí i nínú ètò tiyín náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wọlé, ṣùgbọ́n ó máa ń jọ èrè lójú ẹni tó ń gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ló kù. Ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kí yìnyín yọ́ ń jẹ iná tọ̀sán-tòru. Láti El Paso dé Shreveport ní Louisiana lé ní máìlì 800, bọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ náà sì ń wọ̀. Nígbà tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ìlú ní í jáde. Lálẹ́ ọjọ́ Túsìdeé kan lọ́dún kẹta, ta ni yóò jáde? Abilene wọlé ní 1998, kò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Waco, ọ̀kan lára mẹ́fà àkọ́kọ́, kò bá líígì náà dé òpin.

Ọ̀rọ̀ Fort Worth ló dùn mí jù. Líígì mìíràn, Central Hockey League, ti wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Fire ń gbá fún un láti 1992. Ní 1997, Western gbé ẹgbẹ́ Brahmas wọ ìlú kan náà. Ẹgbẹ́ méjì, òǹwòran kan náà. Fire kógbá sílé ní 1999. Nígbà tó di 2001, àwọn líígì méjèèjì para pọ̀, wọ́n mú orúkọ Central, orúkọ Western sì parẹ́ lẹ́yìn sáà márùn-ún péré. Ìjókòó tí wọn ò jókòó ní 1997, wọ́n padà jókòó rẹ̀ nígbà tí owó ti tán. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín kan ní Houston ní ìdíje bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń gbá ní gbogbo Sátidé. N kò rí orúkọ wọn nínú ìwé yín. Ẹ mú obì lọ bá wọn kí ẹ tó lẹ ìwé ìkéde kankan.

Ẹ má sì rò pé ife ẹ̀yẹ ni yóò gbà yín. Mudbugs ti Shreveport gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, 1999, 2000 àti 2001. Mudbugs bá àwọn yòókù wọ Central, wọ́n tún gba ife ibẹ̀ ní 2011, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ní ọdún kan náà. Central fúnra rẹ̀ parí ní 2014. Nígbà tó di 2016, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan tún gbé orúkọ Mudbugs dìde nínú gbọ̀ngàn àtijọ́, Hirsch Coliseum. Ìfẹ́ eré náà kò kú ní Shreveport, inú mi sì dùn sí i.

Ẹ yọ ìlú márùn-ún kúrò. Ẹ fi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, Houston, Austin, San Antonio: ọmọ lè jáde láàárọ̀ kó padà sùn sílé ìyá rẹ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá tún ètò náà kọ báyìí, ẹ mú un wá sílé mi. Mo ti ya dọ́là 500 sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀lù àti àwọ̀n, ìyàwó mi sì ti ní òun ni yóò se oúnjẹ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Èmi ni bàbá yín,
ní Austin