Ẹtu lọ, ẹ̀tù ò gbaná: ẹ̀sùn lórí páálí ọta ìbọn méjì tí mo rà lọ́wọ́ yín

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ 11, oṣù Kejì.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọta ìbọn ọdẹ wọlé,
Èkó.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọyẹ́ tó ń kásẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ọdẹ ni mí, ọmọ ọdẹ sì ni mí. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni mo ń lò láti ọdún 1989 tí bàbá mi ti fà á lé mi lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ ọlọ́pàá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń sọ ọ́ dọ̀tun bó ṣe yẹ. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín má baà rò pé jàǹdùkú kan ló ń kọ̀wé nípa ọta ìbọn.

Ẹ̀sùn mi rèé. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní, mo ra páálí ọta méjì lọ́wọ́ aṣojú yín ní ìlú wa níbí, 25 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti so rìsíìtì rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Mo yìn 18 nínú páálí kìíní. Méje kọ̀ jálẹ̀. Mẹ́wàá dún, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn wú sínú ìbọn, wọn ò jáde títí mo fi fi ọ̀pá tì wọ́n láti ẹnu ìbọn wá. Ọta yín gùn ní mílímítà 70, mílímítà 70 náà ni ìbọn mi gbà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ki ohun tí kò bá a mu sí i. Ọ̀kan tó kù dún nígbà tí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan yẹn gan-an ló mú mi gbé bírò.

Ó lè dà bíi pé méje nínú 18 kì í ṣe ohun tó yẹ kí àgbàlagbà tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo ìbọn mi. Ẹ ó ṣẹ́ ẹ nídìí, ẹ ó ki ọta kan sí i, ẹ ó pa á dé, ó tán. Ẹni tó ní ẹlẹ́nu méjì, bí ọ̀kan bá kọ̀, ìka rẹ̀ á ti sún sí ìkejì kí ẹran tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó ń pààrọ̀ ọta fúnra rẹ̀, òfin ìbọn ti 1959 ò fi í sílẹ̀ fún irú wa, n kò sì bá òfin jà lórí ìyẹn. Ọta kan ṣoṣo ni tiwa. Òun ló ń jẹ́ ká máa rákò títí a ó fi sún mọ́ ẹran. Òun ni kì í jẹ́ ká yìn láti òkèèrè. Òun náà ni a fi í jẹ́ kí ẹran tó ń sáré máa lọ, nítorí bí a bá dá a lọ́gbẹ́ tó sá wọgbó, kò sí ìkejì tí a ó fi parí iṣẹ́. Ẹni tó ń ta ọta fún ẹlẹ́nu kan, gbogbo òru ẹni náà ló ń tà fún un.

Òru ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, mo ń dẹ lórí ilẹ̀ oko bàbá mi lọ́nà Ìkòyí-Ilé. (N kì í dé igbó ìjọba ti Ọ̀yọ́-Ilé. Láti 1991 tí wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, ẹni tó bá gbé ìbọn wọbẹ̀ ń wá ẹjọ́ ni.) Ewé gbígbẹ ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú, mo ti bọ́ bàtà. Iná orí mi bá ojú méjì tó ń tàn lábẹ́ igi igbá. Bí ojú náà ṣe súnmọ́ ilẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ẹtu ni. Òdòdó igbá tó re sílẹ̀ ló ń ṣà jẹ. Ó gbà mí tó wákàtí kan láti rìn dé ìdí ọ̀gán kan tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ sí i lọ. Mo gbé ìbọn, mo fọkàn balẹ̀, mo fà á.

"Kẹ́."

Ìró yẹn ò tó kí adìẹ ṣá àgbàdo lórí páànù, àmọ́ lóru ọyẹ́ ó tó láti jí gbogbo igbó. Ẹtu fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó di àwátì. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ẹtu ló lọ, ẹ̀tù ni ò gbaná, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà bá wọn rín in, torí ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni wọ́n ní ká fi rín.

Èyí tí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni ti ọjọ́ 24. Bàbá mi kọ́ mi pé bí ìbọn bá kọ̀, n kò gbọdọ̀ yára ṣẹ́ ẹ. Kí n gbé e dání, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò sí ènìyàn, kí n kà dé ọgbọ̀n, kí n tún un kà. Nígbà èwe mi, mo rò pé àgbà kàn fẹ́ fìyà jẹ ọmọ ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ mi ọkùnrin bá mi lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún. Mo rí òyà kan lẹ́bàá eèsún, mo fà á, kò dún. Òyà lọ. Mo dorí ìbọn kodò sílẹ̀ níwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọmọ náà na ọwọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ mú un wá kí n bá yín yọ ọ́." Mo ní kó dúró. Ẹnu mi ò tíì pa dé tí ìbọn fi dún fúnra rẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò sílẹ̀ tó gba igbá ìmumi, yẹ̀pẹ̀ kún ẹnu àwa méjèèjì. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Tó bá jẹ́ pé mo ti ṣẹ́ ìbọn yẹn ni, ojú mi àti ojú ọmọ mi ni ì bá wà nídìí ọta nígbà tó gbaná.

Mo lọ bá aṣojú yín. Kò tiẹ̀ gba ọta náà wò. Ó ní, "Bàbá, ìbọn yín ló ti darúgbó, ẹ jẹ́ ká bá yín wá tuntun." Ọmọ tí mo lè bí ni, mo fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó lẹ ti ń tajà, ọ̀gá mi. Ọfà ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá ta tó fi mú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, balẹ̀ kó tó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin, òun la sì fi ń jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ títí dòní. Irú wa kọ́ ni ẹ ó máa sọ fún pé a ò mọ ohun ìjà tó ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Mo wá pe nọ́ńbà tó wà lára páálí. Wọ́n fi orin dá mi lára yá títí owó orí fóònù mi fi fẹ́ẹ̀ tán. Ọmọbìnrin tó gbé e bọ̀wọ̀ fún mi, ẹ bá mi kí i. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo fi omi kan ọta náà. Nínú oṣù Kìíní! Nígbà tí ètè gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ là, tí àwọn ìyá ń fi òrí pa ọmọ wọn láàárọ̀ lálẹ́, omi wo ni n bá rí fi kàn án? Ó tún ní kí n ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ páálí fún òun. Mo kà á. Ó ní kò sí lórí kọ̀ǹpútà wọn.

Torí ọ̀rọ̀ "ìbọn darúgbó" yẹn, mo gbé ìbọn mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ṣe fún ẹgbẹ́ wa. Ó tú u palẹ̀, ó yẹ abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta wò, ó ní kò ní àléébù. Ẹ wo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́: nínú ọta méjèèje tó kọ̀, abẹ́rẹ́ gún kápù ìdí ọta tó ń tanná sí ẹ̀tù ní àárín gbùngbùn, ojú gígún náà sì jìn. Tó bá jẹ́ pé spring ìbọn ló ti rẹ̀, ojú gígún ì bá fẹ́lẹ́ ni. A ki ọta mẹ́wàá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn sí ìbọn mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dún. Alágbẹ̀dẹ náà wá mú mẹ́rin nínú tiyín, ó ki wọ́n sí ìbọn tirẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì. Méjì kọ̀. Ṣé ìyẹn náà ti darúgbó ni?

Nígbà tó yá, ó la ọ̀kan nínú méje tèmi lórí. (Ìdí rẹ̀ la ò fọwọ́ kàn, kí ẹnikẹ́ni tó bá ka lẹ́tà yìí má lọ dánwò nílé.) Òjé wẹ́wẹ́ rẹ̀ dà jáde, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ̀tù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó dà bí iyanrìn gbígbẹ. Ńṣe ló dì bí iyọ̀ tí òjò rọ̀ sí. Idẹ ìdí méjì nínú àwọn tó kù ti dógùn-ún, ó ti ń yọ àwọ̀ ewé.

Ọmọ mi ló rí ìdí ọ̀rọ̀, nítorí ojú mi kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran lọ́sàn-án bó ṣe ń ríran lóru. Ìwé pélébé tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi èékánná họ igun rẹ̀ sókè, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ti òkè. Fọ́tò ìyẹn náà wà níbẹ̀. N kò pè yín lólè. Ohun tí mo sọ ni pé ẹnì kan lẹ ìwé lé ìwé, bóyá lọ́dọ̀ yín ni o, bóyá lójú ọ̀nà ni, iṣẹ́ yín sì ni láti wá a rí.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ dá owó páálí méjèèjì padà fún mi. Ẹ má fi òmíràn dípò. Ẹ ní kí aṣojú yín kó gbogbo èyí tó ní ìwé méjì lára kúrò lórí igbá. Èyí tó kù ló jẹ mí lọ́kàn jù: ẹ kàn sí gbogbo ẹni tó ti rà nínú rẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé ó lè dún lẹ́yìn tó ti kọ̀. Kò ṣòro. Ọjọ́ tí mo rà á, aṣojú yín kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ mi sínú ìwé ńlá kan. Orúkọ àwọn ọdẹ yòókù wà nínú ìwé ńlá yẹn. Ẹ ṣí i.

Owó ẹtu tó sá lọ, n kò béèrè. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fẹ́nì kan jẹ. Ṣùgbọ́n bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ yín láàárín ọjọ́ 14, n ó kó gbogbo ìwé yìí lọ fún àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà lábẹ́ òfin 2018, ẹgbẹ́ ọdẹ wa yóò sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú mi.

Páálí kejì wà nínú àpótí ní yàrá mi, n kò ṣí i. Mẹ́ta tó ṣẹ́kù nínú ti àkọ́kọ́ wà pẹ̀lú rẹ̀. N kò lè fi wọ́n rán awakọ̀ sí Èkó, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà yóò fi ojú rẹ̀ rí. Ẹ rán ẹni tó ní ìwé àṣẹ wá gbé wọn. Bó bá dé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, yóò bá mi nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, oko ni mo wà.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ọdẹ ẹlẹ́nu kan, Ògbómọ̀ṣọ́.