Má Tíì Tẹ Format

Àdùnní mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo ti ń pè ọ́ láti ìjelòó, o kò gbé e. Àbúrò rẹ ló ṣèèṣì jẹ́ kó já sí mi lẹ́tí pé kọ̀ǹpútà ilé rẹ kò tan mọ́, pé SSD inú rẹ̀, ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí, ló kú, àti pé o ní bó bá di òpin ọ̀sẹ̀ wàá fi Windows tuntun sí i kó lè padà ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Jọ̀ọ́, má fi nǹkan kan sí i. Bí ó bá bi ọ́ léèrè bóyá kó ṣe format, ìyẹn kó nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, má tẹ ẹ́.

Ìyá rẹ wà dáadáa, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò.

SSD kì í ṣe hard disk àtijọ́ tí o bá lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ní àwo tó ń yí nínú. Bí ó bá fẹ́ kú, á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, á máa wọ́, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á ti fura. SSD kò ní ohun tó ń yí. Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa lálẹ́, kó má dáhùn láàárọ̀. Nítorí náà n kò bá ọ wí pé o kò tètè mọ̀. Pé o kò sọ ni mo ń bá ọ wí! Bàbá rẹ tún kọ̀ǹpútà ṣe títí ewú fi gba orí rẹ̀, ọ̀rẹ́ lo lọ ń bi léèrè.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń pariwo format. Lórí hard disk, ohun tí a bá pa rẹ́ ṣì máa ń wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi gorí rẹ̀, èèyàn lè hú u jáde. Lórí SSD, bí o bá ti pa fáìlì rẹ́ tàbí tí o ṣe format, Windows á rán àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní TRIM sí i pé ibi báyìí ti ṣófo, SSD fúnra rẹ̀ á sì gbá ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, òfìfo ló máa bá.

Ta ló tiẹ̀ sọ pé ó ti kú? Wọ inú BIOS, ojú ètò ẹ̀rọ tó máa ń wà kí Windows tó tan, kí o wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ hàn níbẹ̀. Bí kò bá hàn, pa ẹ̀rọ, yọ ọ́ kúrò lára iná. Bó bá jẹ́ M.2, èyí tó pẹlẹbẹ tó ń wọ ara bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, skúrù kékeré kan ṣoṣo ló dè é mọ́lẹ̀. Bí o bá tú u, orí rẹ̀ á ta sókè díẹ̀ fúnra rẹ̀. Fà á bọ́ síta bó ṣe dà gẹ̀rẹ́ yẹn, má fọwọ́ kan ibi tó ń dán bíi wúrà létí rẹ̀, kí o tún un tì bọlé dáadáa. Bó bá jẹ́ SATA, èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ẹ̀rọ, pààrọ̀ wáyà. Èyí tí wọ́n gbé wá bí òkú tó jẹ́ pé wáyà ló tú, mo rí i ju bí wàá ṣe gbà gbọ́ lọ. Dán an wò lára ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú. Bó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, tó jẹ́ nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn, má bẹ̀rù, wo inú àkáǹtì Microsoft rẹ, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀.

Nígbà tí o wà ní kékeré, o fa wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi já, mo sì jágbe mọ́ ọ títí o fi sá sábẹ́ ibùsùn. Àwọn oníbàárà tó ba nǹkan olówó ńlá jẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, torí wọ́n ń sanwó. Ọmọ mi ni mo ń gbóhùn sókè sí. Láti ìgbà náà, ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé fọ́tò ìyá mi wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ, wọ́n lọ, ìwọ ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ. Síbẹ̀ náà, má tẹ format.

Bí SSD náà bá hàn nínú BIOS, kọ́kọ́ kó fọ́tò àti iṣẹ́ rẹ jáde, kí o tó wádìí ohun tó ṣe é. Àwọn SSD kan, bí wọ́n bá ti gbó, wọ́n á ṣì gbà kí o kà, wọn ò ní gbà kí o kọ. Bó bá ń kọsẹ̀ níbi tó ti ń kà, fi Linux, ètò tó lè dípò Windows, orí USB tan ẹ̀rọ, kí o fi ddrescue, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì tó ń kú lọ, gbé gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì mìíràn tó tóbi jù ú lọ, orí ẹ̀dà yẹn ni kí o ti máa wá fáìlì. Bí kò bá hàn níbikíbi, dáwọ́ dúró, ọwọ́ àwọn tó ń yọ dátà ló kù. Ẹni tó bá ní kí o gbé e sínú fìrísà, má dá a lóhùn, omi nìkan ló máa rí gbà níbẹ̀. Má sì tíì dá a padà fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é nítorí wáráńtì: wọ́n á fún ọ ní òmíràn, ohun tó wà nínú èyí kò ní bá a wá.

Bí o bá ti ra tuntun, yọ ti àtijọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ kí o tó fi Windows sí i, kí ọwọ́ má baà ṣì. Fi fọ́tò ojú BIOS ránṣẹ́ sí mi lónìí. Bí o kò bá tíì fẹ́ sọ̀rọ̀, fọ́tò yẹn nìkan tó.

Bàbá rẹ