Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tí Ìwé Kíkà Le fún, Tí Ẹ Sì Fẹ́ Di Òǹkọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ní oṣù tó kọjá, ọmọdébìnrin ọlọ́dún 17 kan wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó sì jókòó fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó lè sọ ohun tí ó bá wá. Ó ní òun fẹ́ di òǹkọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó ní, “Bàbá, n kì í lè ka ojú ewé kan tán kí n má ṣì í kà. B àti d ṣì máa ń dàrú mọ́ mi lójú títí di òní.” Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bá fínra, ìdí nìyí tí mo fi mú gègé láti kọ̀wé sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nírú ipò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó wọ kíláàsì ní Ìsẹ́yìn. A pọ̀ débi pé àwa mẹ́rin ni a ń pín ìwé kan kà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ka gbólóhùn, èmi ṣì ń bá a, b, d jìjàkadì. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa ní kí n dìde, kí n ka ìlà kan tó sọ pé ọdẹ wọ inú igbó lọ. Mo tẹjú mọ́ ọn títí, mo sì kà á sókè pé, “Ọ̀bẹ wọ inú igbó lọ.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó pè mí ní olódo, ó sì ní kí n lọ kọjú sí ògiri títí agogo yóò fi lù. Orúkọ yẹn bá mi dé ilé, ó bá mi dé odò, ó sì wà lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò fún ọdún púpọ̀.

Bàbá mi kò mọ̀wé, òfì ni ó ń hun. Nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé ojú mi máa ń fò láti ìlà kan bọ́ sórí òmíràn, ó gé àjákù òfì aláró kan tó fẹ̀ tó ìka méjì fún mi, ó ní kí n máa tẹ́ ẹ sábẹ́ ìlà tí mo bá ń kà, kí n má sì sún un kúrò níbẹ̀ títí ìlà náà yóò fi tán. Bí òun náà ṣe ń ṣe nídìí òfì nìyẹn: bí ó bá fo òwú kan ṣoṣo, yóò tú u padà dé ibẹ̀, yóò sì tún un hun láìkanra. Aṣọ yẹn ni mo tẹ́ sábẹ́ ìlà títí mo fi parí kíláàsì 6. Ìwé ìtàn ọmọdé mẹ́ta tí mo ti kọ láti ìgbà náà wá, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti kọjá.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ti fún irú ìṣòro ìwé kíkà yìí lórúkọ, dyslexia ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ní in lè gbọ́n gan-an, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ bí ẹyẹ ẹ̀gà, ṣùgbọ́n kí ó máa ṣòro fún un láti so lẹ́tà tí ojú rẹ̀ rí pọ̀ mọ́ ohùn tí etí rẹ̀ mọ̀. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n bí a bá fi sùúrù kọ́ ọmọ náà ní ohùn lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò kàwé. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ìwé le fún ni ó ní in. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé awò ojú ni ó nílò, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni sípẹ́lì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìtàn. Ẹ rántí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní ọdún 1920. Nǹkan bí ọdún 6 ni ó lò nílé ìwé kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì di ìránṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mu ẹmu jáde ní ọdún 1952, inú bí àwọn kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dójú ti àwọn. Àwọn atẹ̀wé kò fi èyí pa mọ́. Wọ́n tẹ ojú ewé kan nínú ìwé tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé náà, kí òǹkàwé lè rí ibi tí wọ́n ti tún un ṣe. Àlọ́ tó ti gbọ́ láti kékeré ni ó gbé ìwé yẹn ró, ó sì gbé e dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó bínú kò dé.

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi Tutùọlá ṣe àwáwí fún iṣẹ́ jákujàku. Octavia Butler, òǹkọ̀wé obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Pasadena ní California ní ọdún 1947, ní dyslexia. Ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ilé fún àwọn ènìyàn, a sì máa kó ìwé tí wọ́n bá fẹ́ dà nù wá fún un. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kékeré láti fi jẹun, aago méjì òru ni ó sì máa ń jí láti kọ̀wé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọdún 1995, àjọ MacArthur fún un ní ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn tó dáńtọ́. Aago méjì òru yẹn ni kí ẹ wò, ẹ má tíì wo ẹ̀bùn.

Bí Yorùbá bá jẹ́ èdè tí ẹ fi ń lálàá, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni a ní, bí a bá sì ṣe pe ọ̀rọ̀ náà ni a ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́tà k ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀bẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tó ń pè é. Irú rẹ̀ ló ń dá ọmọ tí ojú rẹ̀ kì í tètè dá lẹ́tà mọ̀ lágara. Ẹ má sì sá fún àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ àgbà tó mọ̀wé ń fò ó, ó sì ń dùn mí, nítorí òun ni ó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ, èmi tí etí mi yá ju ojú mi lọ. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀: ohùn ni ó sọ èyí tó fẹ́yàwó, èyí tó ń rin títì, èyí tí àgbẹ̀ gbé kọ́ èjìká àti èyí tí jagunjagun ń jù.

Ẹ fi fóònù yín gba ìtàn náà sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ó ṣe pa á fún àbúrò yín lálẹ́, kí ẹ tó jókòó láti kọ ọ́ ní gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ kà á sókè fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀. Ibi tí ojú rẹ̀ bá ti kúrò lára yín, ẹ padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tí yóò bá yín yẹ sípẹ́lì rẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ fún un ní tààrà pé b àti d máa ń dàrú mọ́ yín. Ìyàwó mi ni ó ń bá mi yẹ tèmi wò, ó sì rí àṣìṣe mẹ́rin nínú lẹ́tà tí mo kọ sí yín yìí.

Ọmọdébìnrin tó wá bá mi ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó fi ohùn ìṣẹ́jú 19 ránṣẹ́ sí mi, ìtàn obìnrin ẹlẹ́ja kan tí awakọ̀ já sílẹ̀ lóru níbi tí kò mọ̀. Mo bá a wá àjákù òfì kan nínú àpótí bàbá mi. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó kà á, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà, ó wá rọra sún aṣọ náà wálẹ̀. A ti kọ ojú ewé mẹ́ta. Obìnrin ẹlẹ́ja náà ṣì wà létí títì pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, iná ọkọ̀ kan sì ti ń bọ̀ lókèèrè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọmọ náà ní òun máa sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ fún mi.

Èmi ni bàbá yín ní Ìsẹ́yìn.